Fóònù kì í ṣe alágbàtọ́ ọmọ

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí bá àwọn òbí àti òbí àgbà wí gidigidi lásìkò yìí tó jẹ́ pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ìyá bá ń dáná tàbí tó ń tajà, tí ọmọ sì figbe ta, fídíò ni wọ́n máa ń tàn fún un.

Lóṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ náà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá. Ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Bó bá sì dín sí bẹ́ẹ̀, ó sàn jù. Ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, ó sì yẹ kí ó fi wákàtí 3, ó kéré tán, sáré, kí ó fò, kí ó ṣeré.

Ohun tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ló ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú. Ọmọdé kì í kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nípa gbígbọ́ nìkan, ẹni tí yóò dá a lóhùn ló ń wá. Fídíò kì í dúró gbọ́ tẹnu ọmọ. Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́. Bí apàlọ́ bá ní "Àlọ́ o!", kò ní tẹ̀ síwájú àfi bí àwọn ọmọ bá dáhùn pé "Àlọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà tún kan èdè wa, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọmọ ń wò ń sọ. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àgbà, níbo ni yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀?

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń fi fóònù rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ̀bi. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 jìnnà sí fídíò, àmọ́ wọ́n fàyè gba ìpè tí ọmọ àti ẹbí rẹ̀ ti ń rí ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní kí a gbé fóònù kúrò nídìí oúnjẹ, àti ní wákàtí kan kí ọmọ tó sùn.

Lóòótọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ṣíbí àti abọ́ lè mú ọmọ ṣeré nídìí ààrò bí ìyá ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ní alẹ́, kí àgbà ilé gbé fóònù tirẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó pàlọ́ kan fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀rọ̀ sọ, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀.