Okùn Dígí Lábẹ́ Òkun

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Tai Solarin ní Ìjagun bá fi fóònù ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà. Ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀nà rẹ̀ tí ó jìn jù, nínú fọ́nrán dígí tí ó tín-ín-rín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá.

Arábìnrin Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀ láti tẹ́ irú okùn bẹ́ẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 7,000, láti Pọ́túgàl dé Èkó, ó sì yà sí Àkúrà ní Gánà. Ọdún 2010 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Equinix ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ra ilé-iṣẹ́ náà ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Ọjà náà parí ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹni tí ó bá kédàárò pé ohun tí ọmọ ilẹ̀ yìí dá sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àlejò kò ṣìwí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dáwó jọ ń retí èrè, okùn náà kò sì kúrò níbi tí ó wà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ó já nítòsí etíkun Ivory Coast, pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn. Iṣẹ́ àwọn bánkì dẹnu kọlẹ̀ títí dé ìgbèríko, ọkọ̀ ojú omi ni a sì rán lọ tún un ṣe.