Ìbéèrè Ló Ń Yan Àwòrán

Ìyá aláta ní ọjà Àpòmù kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé. Ó ti to ata rẹ̀ lókìtì lókìtì: eléyìí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tọ̀hún ẹgbẹ̀rún kan. Oníbàárà ò tíì lanu tí ojú rẹ̀ ti fi òkìtì kan wé èkejì. Iṣẹ́ tí àwòrán olópòó ń ṣe lórí ìwé náà nìyẹn: gíga òpó ló ń sọ èyí tó ju èkejì lọ.

William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló tẹ irú àwòrán olópòó bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1786. Ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló fi yàwòrán òwò láti ọdún dé ọdún nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan òwò Scotland, iye ọdún kan ṣoṣo ló rí kó jọ. Ìlà ò sì lè rìn lórí ọdún kan. Ló bá to òpó. Ní 1801, òun kan náà tún gbé àwòrán róbótó tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ jáde, èyí tí gbogbo ayé ń lò láìnídìí báyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, tí Àpòmù jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, ní èèyàn 103,177. Irẹ́wọlé, tí tirẹ̀ wà ní Ìkirè, ní 143,599. Òpó méjì ti tó. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á rí ìyàtọ̀. Ẹ wá kó ọgbọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun sínú róbótó kan: Ìṣọ̀kan á gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, Irẹ́wọlé á gba bí ìdá mẹ́rin. Ta ni ojú rẹ̀ mú tó láti mọ èyí tó fẹ̀ jù? Nǹkan kan ṣoṣo tí a pín sọ́nà méjì tàbí mẹ́ta ni róbótó wà fún.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ “níbo”, máàpù ló kù. Kí ló dé tó jẹ́ ọjà Àpòmù ni ará Òwu àti Ìjẹ̀bú ti jà lórí ataare, ìjà tí òpìtàn Samuel Johnson kọ pé ó di ogun Òwu? Ya máàpù: Ọ̀yọ́ lókè, Ìjẹ̀bú nísàlẹ̀, Ifẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Àárín ni Àpòmù wà, níbi tí gbogbo wọn ti ń pàdé. Bákan náà ni Dókítà John Snow ṣe ní London lọ́dún 1854: ó sàmì sí ilé àwọn tí àrùn onígbáméjì pa, àmì sì pọ̀ jù yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká.

Èyí tó ń dùn mí ni kí wọ́n gé ìdí òpó. Ayàwòrán á bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 dípò òdo. Òpó Ìṣọ̀kan á ku 3,177, ti Irẹ́wọlé á jẹ́ 43,599. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò parọ́, ṣùgbọ́n lójú, Irẹ́wọlé ti ju ìlọ́po mẹ́tàlá Ìṣọ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ kò tó ìlọ́po kan àbọ̀. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ pín owó omi ẹ̀rọ tàbí ti ilé ìwòsàn, ará Àpòmù ló máa jìyà rẹ̀.