Eyín Mélòó Ni Ó Wà Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Yín?

Bí ẹ bá dúró ní Mọníyà láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò tíì tán nílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní ọdún 2023, mo mọ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde padà láti inú yàrá, mo sì mọ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi í ru gbágùúdá láti oko wá sí títì. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú èyí tí mo ń rí.

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Tíṣà, kẹ̀kẹ́ yìí ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kan òkè, àfi kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa tì í." Èsì mi náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ka eyín tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń ru kòkó lọ síbi òṣùwọ̀n, íǹṣì 28 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 22, kí ẹ fi 7 pín in, ẹ ó rí 88. Íǹṣì 88 ni kẹ̀kẹ́ ń rìn bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ká sọ pé eyín 46 wà lára àwo iwájú, tí 18 sì wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì po lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn yóò yí ju ìgbà méjì àbọ̀ lọ díẹ̀, ẹ ó sì ti rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18 àti íǹṣì 9. Ẹ wá yọ àwo eléyín 18 náà, kí ẹ fi eléyín 22 dípò rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 15 àti íǹṣì 4 ni ẹ ó máa rìn. Kò ní sáré tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n agbára tí ẹsẹ̀ yín ń lò ti dín ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tí ó bá ń ru àpò gàrí ní ọ̀nà Akánrán mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Àwọn ọlọ́kadà pàápàá mọ ọgbọ́n yìí. Bí eyín 14 bá wà níwájú ọ̀kadà tí 42 wà lẹ́yìn, ẹni tí ó yọ eyín kan kúrò níwájú àti ẹni tí ó fi mẹ́ta kún ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èrè kan náà gbà.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje tí ó ti ìlú òyìnbó wá ni ọ̀ràn rẹ̀ díjú. Kì í ṣe àwo kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdì kan ni, àwo 8 tàbí 9 tàbí 10, tí wọ́n tò léra láti ńlá dé kékeré bí abọ́ ìyàwó tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Òmíràn wà tí èyí tí ó kéré jù ní eyín 12, tí èyí tí ó tóbi jù kò sì ju 23 lọ. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Òkè Ìbàdàn kò sí nínú àdéhùn náà.

(Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ sọ fún un pé ọdún 1937 ni àwọn aláṣẹ eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, Tour de France, tó gba gíà tí ń ti ṣéènì láàyè fún gbogbo ènìyàn. Kí ó tó di ìgbà náà, àwo kan ní ọ̀tún táyà ẹ̀yìn, àwo kan ní òsì. Bí àwọn akọni náà bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a yọ táyà, wọn a yí i padà.)

Ǹjẹ́ a lè yọ àwo ńlá lára ìdì mìíràn kí á fi í pààrọ̀ tiwa? A lè ṣe é, bí iye àwo inú ìdì méjèèjì bá dọ́gba. Nínú ìdì oníàwo 8 ti Shimano, mílímítà 4.8 ni láti àárín àwo kan dé àárín èkejì. Nínú oníàwo 10, kò ju 3.95 lọ. Olùkọ́ kan tí a jọ ń kọ́ni ra ìdì oníàwo 10 fún kẹ̀kẹ́ oníàwo 8. Ẹni tí ó tà á búra fún un pé yóò bá a mu. Ṣéènì rẹ̀ fẹ̀ ju àlàfo tí ó wà láàárín àwọn àwo náà lọ, ó sì ń ha wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni òǹtajà kọ̀, kò dá owó padà. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni owó náà.

Ẹ tún wo ihò àárín àwo. Ti Shimano ti ilẹ̀ Japan àti ti Campagnolo ti ilẹ̀ Italy kò rí bákan náà; ọ̀kan kò lè wọ orí èkejì. Láti ọdún 1989 ni Shimano sì ti ń gé eyín lọ́nà tí àwo kọ̀ọ̀kan fi mọ aládùúgbò rẹ̀, kí ṣéènì lè gùn ún wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá fi àlejò sáàárín wọn, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa pariwo díẹ̀. Ní tèmi, mo fara mọ́ ariwo. Ariwo kì í pa oníkẹ̀kẹ́. Fífò ṣéènì ni mo ń bẹ̀rù: ẹ ti nàró lórí pẹ́dàlì, ẹrù wà lẹ́yìn yín, típà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹrù, ṣéènì sì fo eyín lójijì.

Ṣéènì tí ó ti jẹ ni ó sábà máa ń fò bẹ́ẹ̀ bí ó bá kan àwo tuntun. Ẹ̀yin tíṣà ní rúlà lọ́wọ́. Ẹ fi wọn ṣéènì láti àárín ìṣó kan títí dé ìkẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Íǹṣì 12 géérégé ni ti tuntun. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì lé e, ṣéènì náà ti ba àwọn àwo jẹ́ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ má ṣe fi àwo tuntun kan ṣoṣo ṣòfò sáàárín wọn.

Apá kékeré tí ń ti ṣéènì lẹ́yìn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ kò gba ju eyín 27 tàbí 28 lọ. Bí ẹ bá ti fi àwo ńlá sí i, ẹ fi ọwọ́ gbé ṣéènì sórí àwo tí ó tóbi jù níwájú àti lẹ́yìn kí ẹ tó gùn ún. Bí apá náà bá nà tán bí okùn aṣọ sísá, ṣéènì kúrú. Ẹ fi kún un.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú àwo àtijọ́ àti ṣéènì yín dání, kí ẹ gbé e lé tuntun lójú ẹni tí ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú ìdì náà, òrùka kan ni ó dì í mú ní ìta, ọwọ́ òsì ni ó ń tú sí, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ wé ṣéènì ògbólógbòó mọ́ àwo ńlá kí ó má baà yí tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù àti ìṣó lù ú.