Etí Ló Ń Darí Ìka: Ìdánrawò Gìtá fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Gbọ́ Yorùbá

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí olùkọ́ ṣe lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí ìka rẹ̀ lè já fáfá lórí gìtá, kí ohun tí ó ń ta sì dùn létí. Àkíyèsí wa ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọn a ní kí ìka kọ́kọ́ yá ná, adùn yóò tẹ̀lé e. Èrò tiwa ni pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti yẹ kí etí máa darí ìka. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gidigidi, nítorí pé àṣìṣe tí etí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbọ́, kò ní lè tọ́ka sí i fún ọmọ ilé-ìwé.

Okùn mẹ́fà ni gìtá tí ó wọ́pọ̀ ní. Bí ìka ọwọ́ òsì bá tẹ okùn sí ẹ̀yìn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá, tí ó sì súnmọ́ irin náà pẹ́kípẹ́kí, agbára díẹ̀ ni yóò mú ìró tí ó mọ́ gaara jáde. Bí ó bá jìnnà sí irin, okùn yóò máa gbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa fi agídí tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ yóò fi máa dùn ún. (Ẹni tí èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ bá gùn kò tíì ṣetán.) Kí ó rọra ta á níwọ̀n tí kò fi ní ṣì í ta, nítorí ìka a máa há àṣìṣe sórí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń há ohun tí ó tọ́ sórí. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé nìkan lọ.

Ní ti etí, ohùn èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pe “ìlù”, kí ó sì pe “ìlú”. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìró kan náà ni yóò ta lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nínú “ìlú”, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lójijì, ṣe ni ó ń yọ́ gòkè. Láti gbé èyí jáde, yóò ta okùn, yóò sì wọ́ ìka lọ síwájú lórí rẹ̀ láìgbé e kúrò. Nínú “rárà”, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń yọ́ wálẹ̀ láti òkè. Ìka yóò wọ́ padà sẹ́yìn. Irú iṣẹ́ yìí náà ni onídùndún ń ṣe bí ó bá ń fún ọsán ìlù rẹ̀ tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ìka wíwọ́ tí a sábà máa ń fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ti wá wúlò ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ìdí tí òun fi ń ṣe é. Bí ó bá wọ́ ọ ju bí ó ti yẹ lọ, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.

Ìlù àti ohùn èdè kò jìnnà sí gìtá nínú orin jùjú. Láti 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ inú orin náà ni gìtá ti lè dún ketekete láàárín ọ̀pọ̀ ìlù. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, gìtá pọ̀, síbẹ̀ ègé orin kúkúrú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ta ní àtúntà, tí yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún èkejì. Kì í ṣe ìyára ni ó ṣòro níbẹ̀ bí kò ṣe dídákẹ́ lásìkò.

Bí gìtá bá jẹ́ ẹyọ kan fún odidi kíláàsì, ìyẹn kò dí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́ kóńkóló, kí ẹnì kan máa ta ègé orin kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí olùkọ́ sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Bí wọ́n bá tún un gbọ́, kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ta gìtá náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ibi tí ó ti sáré ju àtẹ́wọ́ lọ.