Pearse Hutchinson: Akéwì Àjèjì Nínú Lítíréṣọ̀ Catalan

Òwe Yorùbá sọ pé onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹtí kí ayé tó bá a fi kólẹ̀. Bí aláṣẹ bá gba igbá lọ́wọ́ onígbá ńkọ́? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń sọ èdè Catalan ní ilẹ̀ Sípéènì nìyẹn. Nígbà tí Ọ̀gágun Franco borí nínú ogun abẹ́lé ní ọdún 1939, ó yọ èdè náà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ọ̀kan nínú àwọn àjèjì tí wọ́n gbárùkù ti lítíréṣọ̀ èdè yìí ni Pearse Hutchinson. Ìlú Glasgow ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1927, ṣùgbọ́n Dublin, ní ilẹ̀ Áyálándì, ni ó dàgbà sí. Ní Geneva, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó pàdé àwọn Catalan tí wọ́n sá kúrò nílé. Ní ọdún 1954, ó lọ sí Barcelona, ó kọ́ èdè náà, ó sì di ojúlùmọ̀ àwọn àgbà akéwì bí Carles Riba àti Salvador Espriu. Òun àti akéwì P. J. Kavanagh ṣètò ìpàdé kan tí wọ́n ti ka ewì Catalan sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ. Ní àkókò tí ọmọdé kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ kàwé, ohun kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1962, ògbufọ̀ rẹ̀ lórí ewì Josep Carner jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Carner, ọmọ bíbí Barcelona, ń gbé ní àtìpó ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1970. Kókó kan yẹ fún àkíyèsí níhìn-ín: ọdún 1963 ni àkójọ ewì ti Hutchinson fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ohùn ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ gbé síta kí ó tó gbé tirẹ̀.

Èyí kò yani lẹ́nu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gba ipò mọ́ èdè Áyálándì náà lọ́wọ́ tipẹ́, Hutchinson sì ń fi èdè méjèèjì kéwì. Èdè Áyálándì ni ó fi kọ Faoistin Bhacach, tí ó jáde ní ọdún 1968. Ẹni tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lè mọ ti aládùúgbò.

Franco kú ní ọdún 1975. Òfin ọdún 1983 sì fi ìdí èdè Catalan múlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Catalonia. Hutchinson fojú rí i kí ó tó kú ní ọdún 2012. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́ èdè. Ògbufọ̀ lè jẹ́ kí aráyé mọ iyì igbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni ọmọ onígbá yóò ti gbà á padà.