Ta Ló Kọ́kọ́ Gbé Ọmọ Pọ́njú Sóòrùn?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Akowonjo, lẹ́yìn títì tó lọ sí Dopemu, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ìrẹsì ti ń lọ káàkiri, bàbá ọmọ sì ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi pẹ́ ní ọsibítù. Ojú ọmọ pọ́n, wọ́n sì gbé e sábẹ́ iná búlúù fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ó ní òun kà á lórí fóònù pé àwọn dókítà kan ṣe ìwádìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n rí i pé oòrùn náà lè ṣe iṣẹ́ tí iná yẹn ń ṣe.

Ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí kúlà mínírà bá yíjú sí i. Agbẹ̀bí ni wọ́n nígbà tí ara wọn ṣì le.

“Ìwádìí kẹ̀? Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ ni a ti ń gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀. Kí ni wọ́n tún ń wádìí?”

“Ẹ má bínú, mọ́mì. Àwọn òyìnbó ló gbé e jáde.”

“Òyìnbó wo? Èyí tí kì í rí oòrùn yẹn?”

Gbogbo abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo tẹ̀lé ìbéèrè ìyá àgbà délé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju àwàdà lọ. Bí ọmọ bá dé ayé, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ a máa wó kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó wó ni èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan ti ń jáde, bílírúbíìnì lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kó o dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lára àwọn mìíràn, ó ń pọ̀ sí i títí á fi wọ inú ọpọlọ. Ọmọ á kọ ọmú, á máa sùn ṣáá, igbe rẹ̀ á máa han gooro, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Èyí tí kò bá kú nínú wọn lè di ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn. Àdúgbò á ní ayé ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ á máa pọ̀n ọ́n kiri ilé àdúrà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ṣe é ti ṣe é tán kí ìwọ́ rẹ̀ tó já.

Ìtàn tí àwọn dókítà gbà nípa ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ní ọsibítù Rochford ní ìpínlẹ̀ Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Jean Ward, tó ń ṣàkóso yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn sàn fún ọmọ ju ooru inú yàrá lọ. Nítorí náà, bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná díẹ̀, á kó àwọn tí ara wọn le díẹ̀ jáde sí àgbàlà ọsibítù. Lọ́jọ́ kan tí àwọn dókítà ń yípo, ó mú ọmọ kan wá, ó tú aṣọ lára rẹ̀, ó rọra fi hàn wọ́n. Ara ọmọ náà ti ń funfun bọ̀, àfi ibì kan tó ní igun mẹ́ta, tó pọ́n ju ìyókù lọ.

Ọ̀gá dókítà wọn, R. H. Dobbs, bi í pé kí ló fi kun ọmọ, ṣé áyódíìnì ni? Ward ní òun rò pé oòrùn ni. Dókítà kò gbà. Ó ní bí oòrùn bá pa ara òyìnbó, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Ara nọ́ọ̀sì kò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò yẹhùn: ó ní ojú ibi tó pọ́n yẹn ni etí aṣọ ìtẹ́ bò, ara tó kù ló ṣí. Wọ́n gbọ́, wọ́n kọjá síwájú. Ọmọ ṣáà gbádùn, ó lọ sílé.

Ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí, ọpẹ́lọpẹ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn tí ojú rẹ̀ pọ́n gan-an, ìgò náà sì wà níbi tí oòrùn ti ń ta sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bílírúbíìnì inú rẹ̀ kéré jìnnà sí ohun tí wọ́n ń retí. Wọ́n gba òmíràn tí oòrùn kò kàn, iye rẹ̀ ga. P. W. Perryman, onímọ̀ kẹ́míkà ọsibítù náà, rí i pé ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Dókítà R. J. Cremer bá to àwọn gílóòbù gígùn pọ̀ lórí ibùsùn ọmọ, iná tí a ń gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ lónìí sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1958, ìwé ìròyìn Lancet gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Cremer, Perryman àti Richards ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ti Ward kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ojú rí i kò sí lára àwọn tó fi ọwọ́ kọ ọ́, ìyẹn sì ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì tipẹ́. Amẹ́ríkà kò gbà á gbọ́ dáadáa títí Jerold Lucey fi dán an wò lára àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní 1968.

Mo padà lọ sọ gbogbo èyí fún ìyá àgbà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dáa, kí Ward máa mú Essex. Ní ti wọn, ìyá ìyá àwọn kì í wẹ ọmọ tán kó má tẹ́ ẹ sójú oòrùn kùtùkùtù lẹ́yìnkùlé, orí nìkan ni wọ́n ń bò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó wà nítòsí ta kò wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ní nítorí òtútù ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í ṣe nítorí ojú pípọ́n. Àgbo àti omi ìbẹ́pẹ dúdú ni ti ojú pípọ́n, omi gúlúkóòsì sì dé nígbà tí gúlúkóòsì dé. Àwọn méjèèjì bá ara wọn fà á fún ìgbà pípẹ́, èmi kò sì rí ẹni tó máa dá ẹjọ́ náà. Lójú tèmi, ìyá àgbà lè má purọ́. Ṣùgbọ́n gbígbé ọmọ sóòrùn yàtọ̀ sí mímọ irú oòrùn tó máa wò ó àti èyí tó máa jó o lára.

Ohun tí wọ́n wá wádìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Dókítà Bolajoko Olusanya ti ń yẹ etí àwọn ọmọ tuntun wò ní Èkó láti ọdún pípẹ́, iṣẹ́ etí yẹn ló sì mú un dé ìdí ibà pọ́njú. Ní 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn ọmọ Èkó tí ibà pọ́njú wọn le àti bí etí wọn ṣe rí. Iná tó yẹ kó wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́? Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, gílóòbù rẹ̀ ti gbó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ràn tó, bó bá sì ràn, iná ìjọba á lọ. Òun, Tina Slusher tó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, àti Hendrik Vreman ti Yunifásítì Stanford bá fi ojú sí ohun tí NEPA kò lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oòrùn ní ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń yí bílírúbíìnì padà kó lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde. Ó tún ní ìtànṣán tó ń jó ara àti ooru tó ń gbẹ ọmọ. Wọ́n wá ta àtíbàbà, wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé bò ó, ọ̀kan fún ọjọ́ tí oòrùn mú, òmíràn fún ọjọ́ tí ìkùukùu ṣú. Ẹ má rò ó jìnnà, ẹbí tíńtẹ́ẹ̀dì tí awakọ̀ àti ọlọ́pàá ń tìtorí rẹ̀ fa wàhálà ni. Ó ń dá ìtànṣán tó ń jó ara dúró, ó ń dín ooru kù, ó sì ń jẹ́ kí búlúù kọjá.

Ní Lagos Island Maternity Hospital, wọ́n pín ọmọ 447 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan lábẹ́ àtíbàbà, àwọn kan lábẹ́ iná. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015. Àtíbàbà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n lè wọ̀n, iná ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ọmọ lábẹ́ àtíbàbà ju ìlọ́po méjì ti iná lọ. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ abẹ́ àtíbàbà ni ara wọn gbóná ju bó ṣe yẹ, ìdá 1 lábẹ́ iná, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wà nítòsí tó ń wọn ooru ara wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tún fi wé iná tó lágbára gidi, àbájáde ìyẹn sì jáde ní 2018: àtíbàbà kò kù sẹ́yìn.

Bí mo ti ka èyí fún ìyá àgbà, wọ́n ní ṣé àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n sọ ọ́, àmọ́ apá kan ni. Oòrùn ọ̀fẹ́ ẹ̀yìnkùlé kò sí nínú ìwádìí yẹn. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tàbí tí ó pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé rárá, ti ọsibítù ìjọba tó wà ní Igando tàbí èyí tó bá sún mọ́ni jù ni.

Ó sì ku ohun kan tí ìyá àgbà kò dárúkọ, tó wà nínú àpò ẹrù ọmọ náà gan-an: káńfọ̀. Láti nǹkan bí 1960 ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò ní èròjà G6PD tó, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Nínú ọkùnrin márùn-ún nílẹ̀ wa, ó lè tó ẹnì kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í rọ́wọ́ mú dáadáa nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí òórùn káńfọ̀ bá kan irú ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wó lulẹ̀ gìrọ́, bílírúbíìnì á kún àkúnya. Àwọn dókítà Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti pariwo èyí títí wọ àwọn ọdún 1980.

Ìgbà wo ni káńfọ̀ dénú aṣọ ọmọ? Ibí ni ẹ̀rí mi ti ń fẹ́lẹ́. Ìyá àgbà ní àwọn Sàró àti Àgùdà ló fi àpótí onígi wọn kó o wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ní rárá, aáyán ló mú un dé, ìyẹn nígbà tí ilé Akowonjo di yàrá kan fún ìdílé kan, tí ẹrù ọmọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gaàrí. Mo ń fì sí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ilé tí a ń kọ́ báyìí ti gba àgbàlà lọ, fẹ́ńsì ti gba oòrùn, àwọn ìyá sì ń wé ọmọ mọ́ fìlà, sọ́ọ̀sì àti ṣáálì tó bẹ́ẹ̀ tí imú nìkan là ń rí. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án, ta ló máa mọ̀ pé ara ọmọ ti pọ́n? Mo fura pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó pẹ́ kó tó dé ọsibítù, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹni tó kà wọ́n.

Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de káńfọ̀ tí wọ́n fi náftálínì ṣe láti 2008. Lọ́nà Shasha, ó ṣì wà lórí àtẹ nínú ọ̀rá kékeré, ó sún mọ́ ọṣẹ ọmọ. Mo bi obìnrin tó ń tà á léèrè bóyá àwọn ìyá ìkókó ṣì ń rà á. Ó ní wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rà á mọ́, dókítà ti kìlọ̀ fún wọn níbi abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá ọkọ wọn ló ń rà á.