Láti Ọwọ́ Olóòlà Dé Ọwọ́ Onítátù

Mo ń dúró de ọkọ̀ ní Ìjànikin, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, nígbà tí màmá aláte kan tẹjú mọ́ apá ọmọkùnrin tó wá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kìnnìún ni wọ́n yà síbẹ̀, àtèjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ náà ní tátù niṣẹ́ òun, ara òun lòun fi ń polówó. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ló fi dánra wò kó tó fọwọ́ kan ènìyàn. Màmá ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè: alángbá kékeré kan wà lápá rẹ̀, ó dúdú bí aró. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni, ọmọ mi? Olóòlà ló fín tèmi, n ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn."

Òótọ́ ni màmá sọ. Kí ọ̀rọ̀ tátù tó dé etí wa ni àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ ti wà lójú àwọn bàbá wa, tí ogun àti oko ẹrú sì sọ wọ́n di ohun tí a fi ń dá ará ilé ẹni mọ̀.

Ibi tí ilà ti ṣẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ìtàn tí M. I. Ogumefu kọ sínú ìwé Yoruba Legends ní 1929 sọ pé Ṣàngó rán ẹrú méjì níṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn. Ọ̀kan jíṣẹ́ dáadáa, ọba dá a lọ́lá. Èkejì padà lọ́wọ́ òfo, ọba ní kí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ 122 káàkiri ara. Àṣé ẹwà ni wọ́n ń bù sí i lára! Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, àwọn olorì kò lè gbójú kúrò lára ẹrú náà mọ́. Ni Kábíyèsí bá ní kò ní í jẹ́ ìyà mọ́, àmì ọba ni yóò máa jẹ́. Ó jókòó fún olóòlà. Abẹ kan, abẹ kejì, ó ní ó tó! Bí ilà méjì lápá ṣe di ti ọmọ ọba nìyẹn.

Àwọn ọmọ Ògún kò gbà. Wọ́n ní ẹni tó ni irin ló ni abẹ, ẹni tó ni abẹ ló ni ilà. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, nítorí nínú ìtàn Ṣàngó fúnra rẹ̀, olóòlà ti wà nílẹ̀ kí ọba tó ránṣẹ́ pè é.

Fínfín ara ní tirẹ̀, oge ni. Ẹni tí kò fẹ́ oró a kun bùjé tàbí lààlì, tí kì í pẹ́ parẹ́. Ẹni tó fẹ́ èyí tí yóò bá a dé sàréè, olóòlà a fi abẹ gé awọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, a fi èédú lílọ̀ ra á. Ó ń dunni, bó bá jinná tán, ó doge. Iṣẹ́ ìdílé ni. Bí ó bá bàjẹ́, àdúgbò mọ ilé tí wọn yóò lọ.

Ọ̀làjú àti ẹ̀rù àrùn éèdì tú ilé olóòlà ká. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wá sọ pé ẹni tó bá fín ọmọdé tàbí kọ ọ́ nílà yóò san ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Mo fara mọ́ òfin náà, ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òun kò fẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí olóòlà ká abẹ rẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa awọ wa: irú ara tí àpá rẹ̀ máa ń wú, ibi tí abẹ kò gbọ́dọ̀ jìn dé.

Ẹ̀rọ tátù oníná ló gba ipò abẹ olóòlà. Samuel O'Reilly ló gbàwé àṣẹ rẹ̀ ní New York ní 1891, ara kálàmù oníná Edison ló ti rí i. Bó ṣe dé ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní Òkòkòmáìkò sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀jọ́ ló mú un wá. Àwọn mìíràn sọ pé ọjà Àlàbá ló ti wá, níbi tí ẹ̀rọ gbogbo ti ń balẹ̀.

Ìjànikin ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó di yunifásítì ní 2022. Kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ wá àwọn olóòlà tó kù rí, kí wọ́n ya àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, kí àwọn onítátù wa rí i kọ́.